Ótiparí Yá Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Lò

Kì í ṣe pé Ótiparí ò mọ iṣẹ́ o. Iṣẹ́ gan-an ni kò mọ Ótiparí. Bí ìjọba bá fẹ́ ra àga, tábìlì tàbí ibùsùn, òun ló máa kọ́kọ́ débẹ̀. Bí wọ́n bá wá béèrè ibi tí ọjà dé, èsì kan ṣoṣo ló ní lẹ́nu: "Ó ti parí." Ì báà jẹ́ pé igi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é ṣì wà nínú igbó pẹ̀lú ewé lórí, á ní ó ti parí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ, orúkọ náà sì rọ̀ mọ́ ọn débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá, bí inú bá ń bí i, ohun tó máa ń pè é nìyẹn.

Bẹ́ǹṣì ló kó bá a. Ìjọba ní kó wá ṣe bẹ́ǹṣì fún ilé ìwòsàn kan, kí àwọn aláìsàn lè ríbi jókòó de dókítà. Ótiparí lọ ṣa pákó àpótí tí wọ́n fi ń kó ọjà wọ̀lú, èyí tó fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì, ó ní kí káfíńtà kàn án pọ̀, kó sì kùn ún ní ọ̀dà pupa kí àṣírí lè bò. Ọ̀dà náà bo àṣírí lóòótọ́. Ó bò ó títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí èrò kún inú ilé ìwòsàn náà fọ́fọ́, tí ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn wá húkọ́ gidi. Bẹ́ǹṣì tiwọn wó, ó wó lu tiwájú, tiwájú wó lu èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé orí fífọ́ wá, ìdí wíwú ló gbé lọ sílé. Dókítà sá jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà aláìsàn lọ́rùn, ó rò pé ilé ló ń wó.

Wọ́n pe Ótiparí wá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ọwọ́ wọn ò mọ́. Ẹni tó bá gbọ́n á bẹ̀bẹ̀. Ótiparí ní tirẹ̀ sọ pé àwọn aláìsàn yẹn ló sanra jù. Alága ìgbìmọ̀ náà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí òun fúnra rẹ̀ sì sígbọnlẹ̀ díẹ̀, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti ká a lọ́wọ́ kò: fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò gbọ́dọ̀ ta abẹ́rẹ́ fún ìjọba. Wọ́n sì fi fótò rẹ̀ sínú fírémù oníjígí kọ́ sórí pátákó ńlá tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ọ́fíìsì náà, láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó ta bébà tí kò gba yíǹkì, ẹni tó gba owó kànga tó sì gbẹ́ ihò lásán. Fótò ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n lò, torí òun ló ti fi sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Ó wọ kóòtù, ó fi òdòdó sáyà, ó sì rẹ́rìn-ín dé etí. Nínú gbogbo àwọn tó wà lórí pátákó náà, òun nìkan ló jọ ẹni tí inú rẹ̀ dùn pé òun débẹ̀.

Ká má parọ́, ìtìjú ò pa á. Ohun tó dùn ún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò séèyàn tó ń wá ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ti di ìròyìn. Ayùn ń dípẹtà, aláǹtakùn ta sí orí ẹ̀rọ ìfági, káfíńtà rẹ̀ sì ti sọ tábìlì iṣẹ́ di ibùsùn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ ra àga fún gbogbo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí tábìlì rẹ̀ so mọ́ ọn. Ótiparí mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá kọjá òun, òun ó ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, òun ó sì máa wá ẹni tí òun ó bá gbẹ́rù. Ẹnu ọ̀nà iwájú ti tì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fèrèsé.

Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Onídìrí ni ìyàwó rẹ̀, ó ń dirun fún oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, tó sì rọra bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́.

"Ìyàwó mi àtàtà, mo fẹ́ fi orúkọ rẹ dá iléeṣẹ́ tuntun kan sílẹ̀. O ò ní ṣe nǹkan kan o. Orúkọ lásán ni."

Ìyàwó ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Orúkọ lásán? Bó bá jẹ́ pé lásán ni, ẹ lo tiyín."

Oníbàárà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín, òòyà sì bọ́ lórí rẹ̀. Ótiparí gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ìgbà yẹn ló rántí ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá náà kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Màmá Aránṣọ títí di òní. Wọ́n máa ń sọ pé aṣọ tí Màmá bá rán lè gbó, ó lè ya, àmọ́ ojú rírán rẹ̀ ò ní tú. Kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ pátákó. Ótiparí ti sọ fún un pé iṣẹ́ ìjọba ló sú òun tí òun fi sinmi. Ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó mú ohùn jẹ̀lẹ́ńkẹ́ wá.

"Mọ́mì, mo ti rò ó. Orúkọ rere yín yìí ò yẹ kó parẹ́. Mo fẹ́ fi dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe àga sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ọ̀gá àgbà."

Omi bọ́ lójú Màmá. Ó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ títí tó fi gbàdúrà dé orí àwọn ọmọ tí ọmọ rẹ̀ ò tíì bí. Lẹ́yìn náà ló nu ojú.

"Kí ni iṣẹ́ ọ̀gá àgbà?"

"Ẹ ó kàn máa jókòó ni, Mọ́mì."

"Níbo?"

"Nílé níbí. Èmi á máa gbé ìwé wá fún yín, ẹ ó máa fọwọ́ sí i."

"Ṣé kí n máa fọwọ́ sí ohun tí n ò rí? Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo rí mi tí mo dá aṣọ padà fún olówó láìwo inú ẹ̀?"

Ótiparí rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun, ṣùgbọ́n Ótiparí ò mọ̀ pé oorun ìyá òun lòun ń dà rú. Nígbà tó fi máa dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ti wà níbẹ̀, ó ti wé gèlè, ó jókòó sáàárín ilé, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní, káfíńtà sì dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó ti ń sùn lé látọjọ́ yìí, ojú ẹ̀ là kedere.

Àga kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ han ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó lè dá wọn lóhùn. Ótiparí ti ní kí káfíńtà fi ìyókù pákó àpótí kan ọ̀kan, kó fi ìṣó méjì méjì dè é, kó sì fi ọ̀dà parí ẹ̀. Wọ́n gbé e síwájú Màmá. Màmá ò wo òkè rẹ̀ rárá. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ́ bí ìgbà tó bá ń yẹ inú aṣọ wò, ó sì dúró níbi kan. Ẹnu ìṣó ló gún un.

"Ta ló máa jókòó síbí?" ló bi káfíńtà.

"Àwọn ọmọ iléèwé ni, Mà."

"Ṣé wọ́n nídìí àbí wọn ò nídìí?"

Káfíńtà wo ojú Ótiparí, ó wo ojú Màmá. "Wọ́n nídìí, Mà."

"Tú u."

"Mọ́mì, ọ̀dà á bò ó!" Ótiparí sáré bọ́ sáàárín.

"Ọ̀dà kì í gbé èèyàn dúró. Mo ní kó tú u."

Bí Màmá ṣe máa ń ṣe fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́ náà nìyẹn. Bí wọ́n bá rán aṣọ tí ẹnu rẹ̀ wọ́, kò ní bú wọn, kò ní nà wọ́n, abẹ ló máa nawọ́ rẹ̀ sí wọn pé kí wọ́n tú u látìbẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ kí káfíńtà náà tú àga títí. Ó tú àga kìíní, ó tú èyí tó tẹ̀ lé e, ó tú èyí tí Ótiparí fúnra rẹ̀ rò pé ó dáa. Màmá ní kí wọ́n kó pákó àpótí yẹn lọ fẹ́ni tó fẹ́ dáná. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ó lọ sọ́dọ̀ onípákó, ọkùnrin tó ti búra pé òun ò fẹ́ fojú kan Ótiparí mọ́. Ìgbà tí Màmá máa padà dé, ọkọ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀ pẹ̀lú igi tó le, tó gbẹ, tó ń dán. Onípákó ò béèrè nǹkan kan ju orúkọ Màmá lọ. Ótiparí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń já igi náà, inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, kò mọ èyí tí òun ì bá mú.

Díẹ̀díẹ̀ ni agbára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní ìṣó méjì tó, káfíńtà á fọwọ́ họrí. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu Ọ̀gá Àgbà ná." Bó bá ní ọjọ́ ti lọ, kí wọ́n jẹ́ kó ti parí, ìyá rẹ̀ á rán an lọ ra gúlúù. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ fi di kó wa ọkọ̀, kó gbálẹ̀, kó sì lọ bá wọn gba oúnjẹ ọ̀sán. Ó ń dùn ún nínú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọdún mẹ́ta kì í ṣe títí ayé, pé bí ó bá ti pé, òun ó gba iléeṣẹ́ òun lọ́wọ́ ìyá arúgbó, àwọn ó sì padà sórí ìṣó méjì. Èrò yìí ló fi ń gbé ara rẹ̀ dìde láràárọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé àga náà lọ pé. Ótiparí dé fìlà dírẹ́bà mọ́ ojú, ó fi awò dúdú lé e, ó ní oòrùn ń dà á láàmú. Òjò ló ṣú. Ó gbé ọkọ̀ sí òdìkejì títì, ó ní òun á dúró ti ọkọ̀. Màmá, tó ti wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, wọlé lọ, káfíńtà sì ru àga tẹ̀ lé e.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni pátákó wà. Màmá ò rí lẹ́tà kéékèèké kà mọ́, àmọ́ kò sí bí ojú ìyá ṣe lè ṣe bàìbàì tó, á mọ ọmọ tó bí. Ó dúró. Ó súnmọ́ ọn. Ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Yéè! Ọmọ mi!"

Ilẹ̀kùn ṣí lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn ṣí lósì. Àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ jáde.

"Ẹ wá bá mi wo ọmọ mi lórí pátákó ìjọba! Nínú fírémù oníjígí! Wọ́n ti gbé e sókè láti ìgbà yìí, kò sì sọ fún mi! Hẹ̀n-ẹ́n, ọmọ tí kì í fọ́nnu! Ẹ wo ẹ̀rín ẹ̀. Èmi ni mo rán kóòtù yẹn o!"

Káfíńtà, tó mọ̀wé kà, tó sì mọ gbogbo ohun tó ń lọ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yẹ ẹsẹ̀ àga wò bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ṣe é. Ariwo ló mú Alága fúnra rẹ̀ jáde. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ mi síbẹ̀?"

"Èmi ni, Mà."

"Bí ẹ ṣe gbé ọmọ mi síbí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á gbé ọmọ tiyín síbẹ̀!"

Akọ̀wé Alága tó dúró lẹ́yìn, ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé a kì í gbọ́ àdúrà àgbà ká dákẹ́, dáhùn kíkan: "Àmín!" Alága yí padà, ó wò ó. Akọ̀wé náà wo ilẹ̀.

Alága rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló le. "Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sórí pátákó yìí?"

"Awò mi wà nílé. Ẹ kà á fún mi, kí gbogbo ayé gbọ́."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kà á. Ìgbà tó pẹ́, akọ̀wé tó ti jẹ gbèsè "Àmín" yẹn ló kà á pẹ̀lú ohùn tó ń wọlẹ̀ lọ: "Àwọn tí ìjọba kò gbọ́dọ̀ bá dòwò pọ̀ nítorí ìwà màgòmágó." Ó sì ka èyí tó wà lábẹ́ fótò pẹ̀lú, nípa bẹ́ǹṣì, nípa ilé ìwòsàn, nípa àwọn tó fara pa.

Màmá ò sunkún, kò pariwo. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí yóò jókòó, àga tó gbé wá ló sì wà níbẹ̀. Ó jókòó sínú rẹ̀, eékún rẹ̀ ká sókè bíi tọmọ iléèwé. Ó ní ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yẹn, òun gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà náà. Ó ní òun ṣépè fún ẹni tó ṣe é.

Alága jẹ́ kó mí díẹ̀. "Màmá, ibo ni ọmọ yín wà báyìí?"

Màmá ò mọ irọ́ pa. "Ó wà nínú ọkọ̀ níta. Òun ló gbé mi wá."

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ótiparí wọlé pẹ̀lú fìlà àti awò dúdú, kò rí iwájú, ó sì fi orí gbá pátákó. Fótò rẹ̀ jábọ́ lé e léjìká. Akọ̀wé he é nílẹ̀, ó wo fótò, ó wo dírẹ́bà, ó sì gbé e padà síbi tó wà.

Nínú yàrá ìgbìmọ̀, gbogbo wọn jókòó, àyàfi Ótiparí tí kò sẹ́ni tó fi àga lọ̀. Alága là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá ti lé, tó bá wá sá sẹ́yìn orúkọ ẹlòmíràn wọlé, ìyà rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ẹni tó yá a lórúkọ náà ò sì ní lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Fótò tirẹ̀ náà á gun pátákó.

"Màmá, ta ló ni iléeṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni," Màmá wí.

"Ẹ̀yin ni lóòótọ́, àbí ẹ̀yin ni lórí ìwé?"

"Ẹ bi ẹni tó ń ṣe é."

Wọ́n bi káfíńtà. Káfíńtà wo ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ tìtìjú-tìtìjú, ó ní kí wọ́n má bínú, pé ọ̀gá ní kóun lo ìṣó méjì, Màmá ní kóun tú u; ọ̀gá ní kóun kùn ún, Màmá ní kóun tú u; òun ti tú àga débi pé lójú àlá, òun máa ń tú ibùsùn tóun ń sùn lé. "Bí kì í bá ṣe Màmá ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ bá mi béèrè ẹni tí mo ń jìyà fún." Alága dìde, ó fi gbogbo ara ti àga náà. Àga ò mira. Ó padà sáyè rẹ̀, ó sì kọjú sí Ótiparí.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gá dírẹ́bà? Bó bá jẹ́ pé ìyá yín ló ni ín lóòótọ́, ẹ ó sọ ọ́ síta níbí. Ẹ ó ní ẹ ò ní ìpín níbẹ̀ lónìí, ẹ ò sì ní ní in láéláé, kódà bí ọdún mẹ́ta yín bá pé. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, á jẹ́ pé tiyín ni. Ká lọ pe onífótò fún Màmá."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti dáhùn fún un báyìí, nítorí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tiyín. Ótiparí ò yára dáhùn. Ó rí gbogbo iléèwé tó wà nílùú, àti àga tó máa wọ inú wọn. Ó rí igi tó ń dán yẹn. Ó rí ara rẹ̀ bó ṣe ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Fáànù ń yí lókè, akọ̀wé gbé bírò dání, káfíńtà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Màmá yí ọrùn padà, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ń dúró ni, ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì kékeré yẹn. Ótiparí rí i pé ìyá òun ti rí i pé òun ń ronú.

Ó ṣí fìlà. Ó yọ awò.

"Ìyá mi ló ni ín," ó wí. Ohùn rẹ̀ ò dán. "N ò ní ìpín níbẹ̀. N ò sì ní ní in láéláé."

Akọ̀wé kọ ọ́.

"Kí wá niṣẹ́ yín níbẹ̀?" Alága béèrè.

Màmá ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Dírẹ́bà ni. Mo ṣì ń wo ọwọ́ ẹ̀ ná."

Akọ̀wé fi ìwé bo ẹnu. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé Alága náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè búra sí i.

Wọ́n wọ ọkọ̀. Káfíńtà wà lẹ́yìn, ó ti sùn lọ. Wọ́n rìn títí wọ́n fi jìnnà kí Màmá tó sọ̀rọ̀.

"Ó pẹ́ kó o tó dáhùn."

Ótiparí tẹjú mọ́ ọ̀nà. "Ẹ má bínú, Mọ́mì."

"Mo bínú. Mo bínú gan-an. Wọ́n ní ibí ni àwọn olè wà, mo sì ní èmi ni mo rán kóòtù." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mo gbàdúrà fún ọmọ obìnrin yẹn."

"Akọ̀wé sì ṣe àmín."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Ótiparí, kò lè dá a dúró, ti Màmá náà sì tẹ̀ lé e láìfẹ́, ó ń fi ọwọ́ gbá a ní èjìká, ó ń gbá a, títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún lójú rẹ̀. Ótiparí gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó fẹ́ fọwọ́ kan ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rù. Àánú ìyá náà ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà sì ṣe é, ojú sì tì í wàyí, ìtìjú tó ti yẹ kó ti wá láti ọjọ́ bẹ́ǹṣì.

Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Màmá. Wọ́n gba káfíńtà sí i, ṣọ́ọ̀bù kún, òòlù ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyàwó Ótiparí yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti wá máa ṣe akọ̀wé lọ́sàn-án, ó ní òun mọ̀ pé orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí kì í ṣe lásán. Ótiparí ń wa ọkọ̀. Ó ń gbé àga, ó ń já àga sílẹ̀, kò tún sọ pé nǹkan kan ti parí, nítorí kì í ṣe òun ni wọ́n ń bi.

Ọjọ́ tí wọ́n kó ti àkọ́kọ́ dé iléèwé, ọ̀gá iléèwé náà fúnra rẹ̀ ló jáde wá pàdé wọn, obìnrin ńlá kan tí ohùn rẹ̀ kún gbogbo ọgbà. Ó kí Màmá, ó yìn ín, ó pe àwọn olùkọ́ wá wò ó. Ótiparí ń tò wọ́n sínú kíláàsì, ó ru ọ̀kan lórí lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n mú ìwé wá kí ọ̀gá iléèwé fọwọ́ sí i pé ọjà ti dé. Ọ̀gá iléèwé ò rí ibi tí yóò gbé ìwé lé. Ló bá fa àga kan lára àwọn tuntun náà, ó gbé ìdí lé e, gìdì.

Kò sẹ́ni tó mọ bí Ótiparí ṣe débẹ̀. Àga orí rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ti fo ìlà àga kọjá, ó sì ti gbá ọ̀gá iléèwé mú lábẹ́ apá méjèèjì, ó wà á mọ́ àyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí lèyí!" obìnrin náà figbe ta. "Dírẹ́bà, ṣé kò sí o?"

Àwọn olùkọ́ ń wò. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló sáré, torí òun nìkan ló ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó tẹ́tí, ó ń dúró de ìró pákó tó ń ya, irú èyí tí etí rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá iléèwé jókòó gidigbà lórí àga, ẹsẹ̀ àga náà sì dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀.

Màmá rìn wá láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ pẹ́ẹ́, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tó bá nawọ́ sí aṣọ oníbàárà.

"Fi màdáàmù sílẹ̀," ó wí. "Àga yẹn kì í ṣe tìẹ."